Bí Keziah Amblin Ṣe Ṣa Agbòjò Mẹ́ta Jọ

Keziah Amblin kò ṣe eré kankan lórí ìtàgé rí láyé rẹ̀. Ìwé dídàkọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ilé eré kan ní Lambeth bá gba eré tuntun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá, òun ni yóò sì jókòó ti tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí yóò da ìpín òṣèré kọ̀ọ̀kan kọ sínú ìwé tirẹ̀. Òṣèré kì í rí odidi eré gbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fún un, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ yóò fi parí, kó lè mọ ìgbà tó kàn án. Odidi eré, ẹ̀dà méjì péré ni: ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé láti rán òṣèré létí, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Lọ́dún 1868, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń ṣe bàìbàì nítorí iṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní láyé ni Edwin, àbúrò rẹ̀, tí ó fi ọdún mẹ́fà jù lọ, tí ó sì tọ́ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Edwin ń ṣe akọ̀wé ní èbúté èédú létí odò. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́, tó ti wẹ èédú kúrò lára, eré ló ń kọ. Eré mẹ́sàn-án ló kọ. Mẹ́jọ nínú wọn ni wọ́n dá padà fún un, òmíràn kò tilẹ̀ tí ì tú nínú okùn tó fi dì í.

Ẹ̀kẹsàn-án ni Agbòjò Mẹ́ta. Ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò kan fi lẹ́tà ìfẹ́ pamọ́ sínú agbòjò rẹ̀, agbòjò náà pààrọ̀ mọ́ méjì mìíràn tó jọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé tó háyà, ó wá di pé gbogbo ilé ń lé agbòjò kiri. Ẹni tó ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ ni bàbá adití kan, àbúrò bàbá agbẹjọ́rò náà, tó máa ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Horace Tilley ló ṣe bàbá yìí. Àṣálẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n fi ṣe eré náà léraléra, àwọn awakọ̀ ẹṣin àti àwọn òǹtàjà ẹja ń wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Edwin ra fìlà tuntun.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé eré náà jó. Iná gáàsì ló ràn mọ́ aṣọ ìkélé. Nígbà tí Keziah débẹ̀ ní òwúrọ̀, ògiri mẹ́rin àti omi dúdú ló bá. Ẹ̀dà ẹni tó ń ránni létí ti jó. Ẹ̀dà Edwin pàápàá ti jó, torí ọ̀gá ilé eré ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó ní òun fẹ́ kí apá kẹta kúrú díẹ̀. Ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí eré kí wọ́n tó ṣe é, ṣùgbọ́n èyí tí Edwin kọ́kọ́ kọ nìyẹn, kò tí ì sí bàbá adití nínú rẹ̀ rárá.

Edwin kò sunkún. Ó padà sí èbúté èédú, ikọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Nígbà tó fi máa di ọdún 1871, wọn kò pè é ní ikọ́ lásán mọ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Dókítà ní kí wọ́n gbé e lọ síbi tí oòrùn wà, Keziah sì dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì lọ ra èédú fún iná yàrá, nítorí owó rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ferris, onítẹ̀wé kan nítòsí Strand tí ń tẹ eré jáde, tí ó sì ń tà wọ́n ní sísì-sísì. Ó ti wo Agbòjò Mẹ́ta nígbà náà, kò sì tí ì gbàgbé rẹ̀. Ó fẹ́ fi kún àwọn tí òun yóò tẹ̀ lọ́dún náà, bí odidi rẹ̀ bá dé ọwọ́ òun kí oṣù tó parí.

"Kezzie, ka ìsàlẹ̀ yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i," Edwin wí láti orí ibùsùn.

"Ó ní kó jẹ́ odidi. Òun kì í tẹ eré tó ya."

"Kà á bó ṣe kọ ọ́."

Ó kà á. Edwin tẹjú mọ́ àjà. Ara rẹ̀ ti rù débi pé orúnkún rẹ̀ yọ lábẹ́ kúbùsù bí òkúta. "Ohun tí mo máa fi sílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ," ó wí. "Ìwé èédú ni gbogbo ìyókù."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbìyànjú láti tún un kọ látorí. Ibà kò jẹ́. Ó ń mú ọ̀rọ̀ inú àwọn eré mẹ́jọ tí wọ́n dá padà wọ inú rẹ̀, ó ń fa ìwé ya, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ní ọjọ́ karùn-ún, Keziah gba pẹ́nì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èèyàn márùn-ún ló wà nínú eré yẹn," ó wí. "Èmi ni mo da ìpín wọn kọ, ọwọ́ àwọn òṣèré ni ìwé wọn sì wà lọ́jọ́ tí iná jó. Màá wá wọn."

Méjì kò nira. Ẹni tó ṣe agbẹjọ́rò fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Bristol. Ọmọbìnrin tó ṣe àfẹ́sọ́nà ń gbé ní òpópónà kejì, ó ti fi tirẹ̀ dí ojú fèrèsé tó fọ́, ó yọ ọ́ fún un, ó sì fi aṣọ dí ihò náà.

Septimus Garrod ló ṣe onílé. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, ilé ọtí kan nítòsí Waterloo ni Keziah ti bá a ní ọ̀sán, ó ń jẹ páì ẹran. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Keziah ṣí i. Garrod ti fi yíǹkì pa ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ́, ó sì kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

"Bàbá, kí lẹ ṣe sí i yìí?"

"Mo tún un ṣe, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń tún un ṣe."

"Kí ni Edwin kọ síbí?"

Garrod gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. "Níbí? Ó ní... dúró ná. Ó kọ ohun kan nípa bàtà. Kò dùn."

"Mi ò bi yín bóyá ó dùn."

"Gbọ́ ohun tí mo sọ níbẹ̀ ná: 'Ilé mi kì í jò, òjò ló ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.' Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Bó o bá yọ ọ́, o yọ eyín kúrò lẹ́nu eré yẹn." Ó gé páì bọ ẹnu. "Báwo ni àbúrò rẹ?"

"Ó ń kú lọ."

Garrod dẹ́kun jíjẹ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gba ìwé náà, ó sì fi pẹ́nsù fa ilà sábẹ́ gbogbo ibi tó dá a lójú pé tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí yíǹkì ti pa rẹ́, kò rántí rẹ̀ mọ́. Keziah gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Lavinia Peake, tó ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀, ti fi iṣẹ́ eré sílẹ̀. Ó ti fẹ́ oníbàtà kan ní Kettering, tó tún ń wàásù nílé ìjọsìn wọn. Keziah wọ rélùwéè lọ síbẹ̀, ó fi aládùúgbò kan ti Edwin. Nígbà tí Lavinia rí ẹni tó kan ilẹ̀kùn, ó fà á wọ ilé ìdáná kíá, Keziah sì sọ ti àìsàn Edwin àti ti ìwé náà fún un.

"Arábìnrin Amblin, mo ti sun ún. Lọ́jọ́ tí mo ṣèrìbọmi ni mo sun ún. Ọkọ mi ló dá iná rẹ̀."

Keziah jókòó sórí àga láìjẹ́ pé wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ó ṣáà ń wo ọwọ́ Lavinia tó ń gé àlùbọ́sà, tó ń gé, tó ń gé, títí ọ̀bẹ fi dúró.

"Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ eré mọ́," Lavinia wí jẹ́jẹ́. Ó wo ojú ọ̀nà. "Ṣé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀?"

"Bó bá rí ìparí oṣù yìí, ó tiraka."

Lavinia nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ ìdáná. Ó dìde, ó gbé èjìká sókè bí ọmọ-ọ̀dọ̀ aláfojúdi, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò wo ìwé kankan. Bó bá kan ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, á kàn dúró díẹ̀, á sọ ìrù ọ̀rọ̀ ẹni náà tó fi ń mọ ìgbà tó kan òun, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Keziah ń kọ ọ́ bí ẹni tí ń gbọ́n omi. Nígbà tí wọ́n dé apá kẹta, ẹ̀rín gba àwọn méjèèjì lẹ́nu, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Bí ọkọ ṣe wọlé nìyẹn.

"Kí ló dé tí omi ń dà lójú yín?" ó bèèrè.

"Àlùbọ́sà ni," Lavinia dá a lóhùn.

Ó ku ìpín kan. Horace Tilley ti kú ní ọdún kan ṣáájú. Keziah wá opó rẹ̀ lọ sí Deptford, ó bá a níbi tó ti ń sá aṣọ nínú àgbàlá.

"Ìwé bàbá adití?" ni opó náà wí. "Ó wà lábẹ́ orí rẹ̀."

"Níbo, ìyá?"

"Nínú pósí. Òun ló ní kí n fi síbẹ̀. Ó ní òun ò ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun, àfi ìgbà yẹn." Ó gbọn ìbọ̀sẹ̀ kan, ó sì fi igi kékeré há a mọ́ okùn. "Bó o bá fẹ́ ẹ, iwájú rẹ ni ìtẹ́ òkú wà."

Kì í ṣe pé ó ń fi í ṣẹ̀sín. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Keziah lọ sí ìtẹ́ òkú náà lóòótọ́. Ó dúró lórí ilẹ̀ tí koríko kò tí ì bò tán, ó rí ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ sàréè tuntun lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì gbé ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti bá a sọ̀rọ̀ kó tó mọ ohun tó fẹ́ sọ fún un. Ìtìjú mú un, ó yí padà. Ó fi ẹsẹ̀ rìn délé, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì í nínú ọkọ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oṣù parí. Ó tẹ́ ìpín mẹ́rin sórí tábìlì. Nínú wọn ni ìrù ọ̀rọ̀ bàbá adití wà, èyí tó fi ń parí kí ẹlòmíràn tó gbà á. Ìrù méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da odidi wọn kọ nígbà kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dàwé kọ kì í fi inú gbọ́ ohun tó ń kọ, ọwọ́ ló ń kọ ọ́. Ó rántí nǹkan bí ogún. Ìyókù, ìrù ló rí, kò rí ẹran.

Kò lè sọ fún Edwin. Edwin ti ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá ta jí, ohun kan náà ló ń bèèrè: "Ó ti pé?" Keziah á ní, "Ó kù díẹ̀."

Nítorí náà, bí Edwin bá sùn lọ́sàn-án, Keziah á jókòó síbi tó ti máa ń da eré ẹlòmíràn kọ, á mú ìrù kan, á sì máa wá ara fún un. Kò kọ ohunkóhun tó jẹ́ tirẹ̀ rí. Àkọ́kọ́ gbà á ní ìdajì ọjọ́, ó sì burú. Ó sunkún lórí rẹ̀. Èkejì san díẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀kẹwàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn Tilley létí, ohùn ọkùnrin tí kò gbọ́ nǹkan kan tí ó sì dá a lójú gan-an, kò sì ní láti wá ọ̀rọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ló ń wá a. Ẹ̀rù bà á. Àbúrò rẹ̀ ń kú lọ nínú yàrá kan náà, òun sì jókòó, ó ń pa ara rẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ó pé. Edwin ní kí ó kà á fún òun. Ó gbé irọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Edwin ń mi orí, ẹnu rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Wọ́n dé ibi tí agbẹjọ́rò ti sáré wọlé tí ń kígbe pé, "Lẹ́tà dà? Lẹ́tà dà?" tí bàbá adití gbójú sókè.

Keziah kà á: "'Kí lẹ tà? Èmi ò ta nǹkan kan o. Láti ọjọ́ tí mo ti ta ẹṣin ìyàwó mi, tí ìyàwó náà sì gun ẹṣin ọ̀hún tẹ̀ lé ẹni tó rà á lọ, mo ti fi ọjà títà sílẹ̀.'"

Edwin rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má dáwọ́ dúró. Nígbà tó dáwọ́ dúró, Keziah nu ẹnu rẹ̀. Ó ń wo Keziah.

"Mi ò kọ ìyẹn, Kezzie."

"O kọ ọ́."

"Ẹṣin wo?"

"Ẹṣin ìyàwó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí omi wọ inú èbúté lo kọ ọ́. O jí mi láti kà á fún mi."

"Mo jí ọ?"

"O jí mi."

Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan kọjá nísàlẹ̀, fèrèsé gbọ̀n. Edwin yí ojú rẹ̀ sí ògiri.

"A jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n kọ tó bẹ́ẹ̀ nígbà kan," ó wí. "Wo bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò tilẹ̀ rántí ọjọ́ tó wà lọ́wọ́ mi."

Keziah ṣí ẹnu. Òótọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, eré náà kò pé mọ́, kò sì ní pé láéláé. Bí kò bá sọ ọ́, ohun tí kì í ṣe ti Edwin ni Edwin yóò máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ títí yóò fi kú. Ó pa ẹnu dé, ó sì kà á lọ.

Láti ọjọ́ náà, Edwin kò bèèrè nǹkan kan lórí eré yẹn mọ́. Keziah gbé e lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ferris lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, ó sì sáré padà sílé láti sọ fún Edwin pé wọ́n ti gbà á. "Ó dára," ni Edwin wí, ó sì ní kó fún òun lómi. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ló kú, ẹni ọdún méjìdínlógójì.

Oṣù kẹfà ni ìwé jáde, èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ omi ọsàn, orúkọ Edwin Amblin wà níwájú rẹ̀. Àwọn èèyàn rà á. Àwọn akọ̀wé ilé ìfowópamọ́, àwọn sójà inú bárékè, àwọn olùkọ́, gbogbo wọn ń ṣe é. Ní Lambeth, bí ẹnì kan kò bá gbọ́ ohun tí ẹnì kejì sọ, wọ́n á ní, "Kí lẹ tà?" àwọn tó wà nítòsí á sì rẹ́rìn-ín. Keziah gbọ́ ọ lẹ́nu òǹtàjà ẹja lọ́jọ́ kan tó lọ ra ẹja, ó sì padà sílé láìrà á.

Ó lọ bá Ferris. Ó ní ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ sí iwájú ìwé náà, pé ọ̀rọ̀ bàbá adití kì í ṣe ti Edwin tán. Ferris fetí sí i dáadáa, kì í ṣe èèyàn burúkú.

"Omidan Amblin, a ti da irin tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, kò ṣe é yí padà mọ́. Àti pé orúkọ ta ni ẹ fẹ́ kí n kọ?"

Kò lè dárúkọ ara rẹ̀. Bó ṣe dúró níwájú tábìlì ọkùnrin náà, ó rí i pé bí òun bá dárúkọ ara òun, ohun tó dùn jù nínú eré náà ni òun yóò gbà lọ́wọ́ òkú. Ó ní, "Kò sí." Ferris ṣílẹ̀kùn fún un.

Garrod náà wá kí i ní ìgbà òtútù. Ó ti ka ìwé náà. "Àbúrò rẹ fi mí ṣẹ̀sín," ó wí. "Gbogbo ìgbà yẹn tí mò ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, mi ò mọ̀ pé ó lè kọ irú ti bàbá adití yẹn. Tilley ń sọ ọ́ létí mi lálaalẹ́, mi ò gbọ́ ọ." Keziah da tíì fún un títí ó fi kún àkúnwọ́sílẹ̀ sórí tábìlì.

Ó ń bá iṣẹ́ ìwé dídàkọ lọ títí ojú ọ̀tún fi fọ́. Ohun tí àwọn aládùúgbò kò mọ̀ ni pé ó gbìyànjú láti kọ eré tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ kò wá. Kò sí ẹni tó ń kú lọ nínú yàrá mọ́, kò sí ìrù kankan tí ó ń wá ara. Ó dáná sun àwọn ìwé náà.

Lọ́dún 1889, àwọn olùkọ́ kan ṣe Agbòjò Mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Kennington. Ẹnì kan sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ń gbé nítòsí, wọ́n sì wá mú un, wọ́n fi í jókòó síwájú. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni. Nígbà tí bàbá adití wọlé, kò lè jáde bó ti máa ń ṣe ní àwọn ibòmíràn, torí gbogbo èèyàn ń wò ó. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ. Ẹ̀rín bo gbọ̀ngàn náà. Ó ń gbọ́ ikọ́ Edwin nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn eré, ọ̀dọ́ olùkọ́ tó ṣe bàbá adití wá bá a, ẹfun tó fi sọ irun rẹ̀ di funfun ṣì wà lójú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Penhale ni orúkọ rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú Keziah tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ìyá, irú èèyàn wo ni àbúrò yín? Ẹni tó kọ irú ọ̀rọ̀ yìí, inú rẹ̀ á máa dùn ṣáá ni."

"Akọ̀wé èédú ni," Keziah wí. "Ó kú nínú ìbànújẹ́, èmi ni mo fà á."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ìyá."

"Èmi ni mo kọ ti ẹṣin yẹn. Àti méjìdínlógójì nínú ọ̀rọ̀ tí ìwọ sọ lálẹ́ yìí. Mo ní òun ló kọ wọ́n. Ó gbà mí gbọ́, ó sì rò pé òun ti sọ ẹ̀bùn òun nù."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo obìnrin tó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Keziah, obìnrin náà sì mi orí díẹ̀ fún un, bí a ti í ṣe lórí arúgbó tó ń ṣarán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fọwọ́ kan èjìká Keziah.

"Ẹ ṣeun gan-an, ìyá," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ mú tíì wá fún yín kó tó tutù."